Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: Ryzen 5 5600 kan ní Òṣogbo, ṣé ká fi kún eré rẹ̀ ni àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀rọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n tò ó. Fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń fi gé, wọ́n sì ń fi gbá géèmù díẹ̀ tó bá di alẹ́. Ẹjọ́ tí ẹni tó ni ín rò kò gùn: kò yá tó owó tó ná lé e. Ohun méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àkọ́kọ́, ká overclock processor rẹ̀ (Ryzen 5 5600 yẹn, ọpọlọ ẹ̀rọ náà), ìyẹn ni pé ká fi ipá mú un sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe dá a sílẹ̀. Èkejì, ká yọ ọ́, ká ra èyí tó jù ú lọ.

Yàrá tó wà, ní apá Òkè-Fìà, kò ní AC. Ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀, dígírì 33 ni. Tí wọ́n bá ti mú iná, inverter 1 kVA oníbátìrì 200 Ah kan ló ń gbé e. Ooru àti iná yìí ló dá ẹjọ́ náà ju processor fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nínú casing: Ryzen 5 5600, core 6 (bí òṣìṣẹ́ inú processor), thread 12 (okùn iṣẹ́ tí wọ́n lè dì mú lẹ́ẹ̀kan), tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 3.5 GHz tó sì ń fò dé 4.4, cooler Wraith Stealth tó bá a wá nínú páálí, motherboard B450 kékeré tó ní ihò RAM mẹ́rin, RAM DDR4-3200 méjì, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, káàdì àwòrán RX 6600 8 GB, disk NVMe 500 GB, power pack 550 W. Casing rẹ̀ rẹwà lójú, gíláàsì ni iwájú, fáànù kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yìn ló sì wà. Ẹ fi ti gíláàsì yẹn sọ́kàn.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́

Alaró ìlú yìí kì í ri aṣọ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kó ní ó ti dúdú. Á rì í, á yọ ọ́, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á wò ó, kó tó tún un rì. Bí a ṣe ṣe iṣẹ́ yìí náà nìyẹn: ohun kan ṣoṣo la ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, a ó wọ̀n ọ́n, ká tó kan òmíràn. Ẹni tó bá yí RAM, fáànù àti fọ́ltì padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ èwo ló ń pa ẹ̀rọ náà lóru.

Irinṣẹ́ wa kò pọ̀: HWiNFO64 fún ooru àti wáàtì, CPU-Z fún RAM, wattmeter kékeré tí a kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, àti fídíò ìgbéyàwó kan oníṣẹ́jú 10 tí a ń fi processor nìkan render, ìyẹn ni pé ká sọ ohun tí a gé di fáìlì fídíò tó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ń render rẹ̀, ìwọ̀n ti àárín la sì ń kọ sílẹ̀, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ máa ń tètè parí nítorí ara ẹ̀rọ ṣì tutù.

Bó ṣe wà nígbà tó dé: ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Ooru processor, dígírì 89. Wáàtì lára ògiri, 128, láìka monitor.

Dígírì 90 ni AMD, àwọn tó ṣe processor yìí, fi ṣe òpin fún un. Tó bá ti ń kan ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù. Processor tó ti wà ní 89 láìtíì sẹ́ni tó overclock rẹ̀ kò ní ibi tó fẹ́ sá sí.

RAM tó jókòó síbi tí kò yẹ

CPU-Z ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ojú ewé Memory rẹ̀ sọ pé channel kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà láàárín RAM àti processor, ló ń ṣiṣẹ́, DRAM Frequency sì jẹ́ 1066 MHz. Ìlọ́po méjì iye yẹn ni ti DDR, nítorí náà 2133 ni RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára ń sá. Nígbà tí a ṣí casing, RAM méjèèjì wà nínú ihò 1 àti 2, wọ́n fara kan ara wọn bí ìbejì. Nínú motherboard oníhò mẹ́rin, ihò 1 àti 2 jẹ́ ọmọ channel kan náà. Ihò 2 àti 4, tí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor, ló yẹ kí RAM méjì wà.

Ẹ wo bí ó ṣe pọ̀ tó. Channel kan ń gbé báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan. 2133 nígbà 8, ó lé díẹ̀ ní 17 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 3200 nígbà 8 lórí channel méjì, 51.2 GB. Ìlọ́po mẹ́ta ni, ẹni tó ni ẹ̀rọ sì ti sanwó rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á.

Ká tó yọ RAM, a pa ẹ̀rọ, a yọ wáyà iná lẹ́yìn, a tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ kí iná tó kù nínú power pack lè tán. Nínú ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin casing. Tí casing bá ń gbọn yín nígbà tí wáyà wà nínú iná, kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́: sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní earth ló ń fà á. Asẹ́ tó ń sẹ́ iná nínú power pack a máa da díẹ̀ sára irin, tí kò bá sí earth tó máa gbé e lọ, casing á dúró sí bí ìdajì fọ́ltì ògiri. Ẹ jẹ́ kí oníná tún sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta plug.

RAM wọlé dáadáa nígbà tí ìdè rẹ̀ bá dún "kẹ̀ẹ̀". Bí kò bá dún, kò tíì wọlé.

Lẹ́yìn náà la wọ BIOS, ètò inú board tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, a tan XMP, èyí tó ń gbé RAM sí 3200 pẹ̀lú 1.35 V dípò 1.2. Fáànù yí, ojú monitor ṣókùnkùn, ẹ̀rọ tan tó sì kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dé ojú Windows. Ọ̀pọ̀ ibí ni wọ́n ti máa ń pariwo pé RAM ti jó. Kò jó. Motherboard ń dán RAM wò ni, kò yege. Èyí tó ti dára á padà sí 2133 fúnra rẹ̀. Èyí kò padà. A yọ wáyà iná, a fi ẹnu screwdriver so abẹ́rẹ́ méjèèjì tí wọ́n kọ CLR_CMOS sí nídìí pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí BIOS lè gbàgbé ohun tí a yí padà. Ẹni tí kò bá rí abẹ́rẹ́ yẹn lè yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

BIOS rẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Àwọn board B450 ti wà nílẹ̀ ṣáájú processor yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì nílò BIOS tuntun kó tó mọ̀ ọ́n rárá. Ìdí mìíràn tún wà: BIOS tó bá ti ní AGESA 1.2.0.7 (kóòdù AMD tó wà nínú BIOS) tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ti wo àìsàn fTPM (ẹ̀yà ààbò inú processor) sàn, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Ryzen dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ohùn sì máa já. A gba fáìlì láti ojúlé ẹni tó ṣe board, nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ara board mu dé orí "rev" tó wà níbẹ̀, a fi í sínú flash FAT32. Tí BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró ná kó má baà béèrè kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà.

Iná NEPA nìkan kọ́ la fi ń kọ BIOS tuntun. Bí iná bá lọ ní ìdajì, board á di irin lásán lọ́wọ́ yín. Orí inverter la ti ṣe é, pẹ̀lú bátìrì tó kún, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.

XMP tan lẹ́yìn èyí. MemTest86, ìpele mẹ́rin tí ọ̀fẹ́ rẹ̀ fàyè gbà, kò rí àṣìṣe kankan. Ìwọ̀n tuntun: ìṣẹ́jú 22 àti ìṣẹ́jú-àáyá 5. Kọ́bọ̀ kò tíì jáde.

Gíláàsì iwájú

Ìdánwò tó rọrùn jù fún ooru ni pé kí ẹ yọ ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ casing, kí ẹ tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Tí ooru bá fi ju dígírì márùn-ún lọ wálẹ̀, casing ló jẹ̀bi, kì í ṣe cooler. Tiwa wálẹ̀ láti 89 sí 81. Kì í ṣe pé kí ẹ wá máa lò ó ní ṣíṣí o. Eruku ọyẹ́ kan á bo heatsink bí ìyẹ̀fun.

Gíláàsì iwájú kò fi atẹ́gùn sílẹ̀ ju ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. A yọ ọ́, a fi fáànù 120 mm méjì sí iwájú tí wọ́n ń fa atẹ́gùn wọlé, a fi asẹ́ tín-ín-rín bò wọ́n. Fáànù méjì tó ń fà wọlé, ọ̀kan tó ń tì jáde: atẹ́gùn inú á pọ̀ ju ti ìta lọ, eruku kò sì ní rí ihò mìíràn gbà wọlé ju ibi tí asẹ́ wà lọ. Dígírì 82 pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní pípa dé. Ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50.

Overclock náà gan-an

B450 gbà á láàyè. Ẹni tó bá ní board A320 tàbí A520, kó má wulẹ̀ wá a nínú BIOS, wọ́n ti tì í pa fún processor. AMD kì í sì í san ẹ̀san processor tí overclock bá bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo core sí 4.5 GHz, fọ́ltì sí 1.275. Pẹ̀lú Wraith Stealth, ó kan dígírì 90 kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, a dá a dúró. A yá cooler gíga kan tó ní heatpipe mẹ́rin.

Ibi yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká rọra. Processor onírú ihò AM4 bíi tiwa ní abẹ́rẹ́ 1,331 lábẹ́, ihò rẹ̀ kò sì dì í mú tó bí paste, ọ̀dà tó ń gbé ooru lọ sára cooler, ṣe dì í mọ́ cooler. Tí paste bá ti gan, tí ẹ fa cooler sókè ṣánṣán, processor á bá a jáde nínú ihò rẹ̀ tìdè-tìdè, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìgun sí ìgun, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá yí cooler sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tí èèyàn ń yí ìdérí ìgò tó le, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n pé ó ti ń yọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà, nígbà tí nọ́ọ̀tì Wraith Stealth bá jáde tán, irin ẹ̀yìn board kò ní ohun tó dì í mú mọ́, á já bọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ kejì dì í. Ọ̀pọ̀ cooler gíga tún nílò ike dúdú méjì tí wọ́n yọ kúrò lára board nígbà tí wọ́n fẹ́ de Wraith Stealth. Ẹ wá wọn nínú páálí motherboard kí ẹ tó sọ pé cooler tuntun kò bá a mu.

Paste tuntun bí hóró ìrẹsì kan tó tóbi díẹ̀, ní àárín, ó tó.

Ìwọ̀n: ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, dígírì 84, wáàtì 163 lára ògiri. Ó yá. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò hàn nínú iye yẹn: Wraith Stealth máa ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀, ó ń ta sára VRM, àwọn ẹ̀yà tó ń bọ́ processor ní iná, tí kò ní irin ìtutù kankan lórí board yìí. Cooler gíga ń fẹ́ ti rẹ̀ lọ sẹ́yìn. VRM tó wà ní dígírì 78 tẹ́lẹ̀ gun 97. Kò tíì jó, ṣùgbọ́n nínú yàrá tó gbóná 33, ojoojúmọ́, oṣù dé oṣù, a kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta

Nínú BIOS kan náà, lábẹ́ PBO, ètò AMD tó ń bójú tó eré processor, Curve Optimizer wà. Kàkà ká fi fọ́ltì kún un, à ń dín in kù: òǹkà kan jẹ́ mílífọ́ltì 3 sí 5. Processor tó ń jẹ fọ́ltì díẹ̀ ní ooru díẹ̀, ó sì láàyè láti sáré sí i láàárín 76 W kan náà tí AMD gbé kalẹ̀ fún un. A dá Wraith Stealth padà, a fi gbogbo core sí -15, a kò fọwọ́ kan òpin wáàtì.

Ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú-àáyá 5. Dígírì 77. Wáàtì 126.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí overclock jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí fídíò oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ohun tó ń dùn wá nílùú yìí nìyẹn. 12 V nígbà 200 Ah jẹ́ 2,400 Wh. Ìdajì la lè lò kí bátìrì má baà tètè kú, inverter fúnra rẹ̀ á jẹ bí ìdá 15 nínú 100 nínú rẹ̀, ó ku 1,020. Ẹ fi 25 W monitor kún un. Pẹ̀lú overclock, fídíò kan ń jẹ bíi 64 Wh: bátìrì gbé 15. Pẹ̀lú Curve Optimizer, fídíò kan ń jẹ 53: bátìrì gbé 19. Iṣẹ́ oníbàárà mẹ́rin ni à bá fi ra ìṣẹ́jú-àáyá 30.

Àléébù Curve Optimizer ni pé tí ẹ bá dín in kù jù, kì í kú nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Ìgbà tó bá jókòó jẹ́jẹ́, tí core kan ṣoṣo fò lọ sí 4.4 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló máa ń tún ara rẹ̀ tan. Cinebench, ètò ìdánwò tó ń fún gbogbo core níṣẹ́ pọ̀, kò lè mú un. CoreCycler, tó ń dán core kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, ni kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú, gbogbo ènìyàn á ní NEPA ló fà á. Ẹ ṣí Event Viewer. Kernel-Power 41 nìkan, ó lè jẹ́ iná. Tí WHEA-Logger 18 bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, processor ni, àkọsílẹ̀ náà á sì tọ́ka sí core tó ṣe é. Tiwa fi core 4 hàn lóru kejì. A gbé e padà sí -10, àwọn yòókù dúró ní -15.

Tó bá jẹ́ iná nítòótọ́, ẹ wo inverter. Power pack tó dára lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ gbé ẹ̀rọ fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16 péré. Inverter tó wà ní ipò lásán lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kó tó gba iṣẹ́. Ẹ gbé e sí UPS mode. Kó sì jẹ́ pure sine wave, torí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ kí ọ̀pọ̀ power pack òde òní ké wíwí tàbí kí wọ́n kú.

Ohun tó yẹ ní rírà

Nígbà tí a bi ẹni tó ni ẹ̀rọ léèrè dáadáa, "kò yá" rẹ̀ kì í ṣe ti render. Ìgbà tó bá ń fa fídíò 4K tí wọ́n fi fóònù yà síwá sẹ́yìn ni, tó ń dá dúró. HEVC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò kan, ni fóònù fi ń ká a, títú u palẹ̀ sì ni iṣẹ́ ńlá. Kò sí overclock tó ń wo ìyẹn sàn. Proxy ni: kí ètò tó fi ń gé fídíò ṣe ẹ̀dà 720p kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi gé, kó wá lo ojúlówó nígbà render. Fún èyí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó jẹ́ kí RX 6600 fúnra rẹ̀ ṣe render. Àwòrán kò ní mọ́ tó ti processor ní bitrate kan náà, ṣùgbọ́n lójú fóònù ta ló máa mọ̀?

RAM ló kàn. Pẹ̀lú fídíò ìgbéyàwó kan àti Chrome tó ṣí, 15 GB nínú 16 ti lọ, disk sì ti ń bá RAM ṣiṣẹ́. Kó ra 16 GB méjì, kó ta ti àtijọ́. Kó má fi 8 GB méjì kún èyí tó wà: òpin tí AMD fọwọ́ sí fún RAM mẹ́rin lórí Ryzen 5000 jẹ́ 2933, 2667 ni tí wọ́n bá jẹ́ dual rank, ìyẹn àwọn tó ní ọ̀wọ́ chip méjì lára.

Tó bá jẹ́ render lásán ló fẹ́ kó yá sí i lẹ́yìn èyí, nígbà náà ni processor. Ryzen 7 5700X, core 8, bọ́ sínú ihò kan náà, 76 W kan náà ló ń jẹ, VRM kò sì ní mọ ìyàtọ̀. 5700X3D dára fún géèmù, kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. AM5, irú ihò processor tó tẹ̀ lé AM4, kúrò nínú ọ̀rọ̀: board tuntun ni, DDR5 ni, owó kọ̀ǹpútà mìíràn ni. RX 6600 kó dúró síbẹ̀. B450 ń fún un ní PCIe 3.0 (ohun tó so ó mọ́ processor) lórí ọ̀nà 8 péré, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í hàn púpọ̀ àfi tí 8 GB rẹ̀ bá kún.

Bí a ṣe fi ẹ̀rọ sílẹ̀: XMP 3200, RAM ní ihò 2 àti 4, Curve Optimizer -15, core 4 ní -10, òpin wáàtì bó ṣe wà, Wraith Stealth, fáànù mẹ́ta. A ya fọ́tò ojú BIOS kọ̀ọ̀kan, torí tí CR2032 bá kú tàbí tí ẹnikẹ́ni bá kọ BIOS mìíràn, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́. Asẹ́ iwájú di fífọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.